Bọ́ọ̀lù Funfun Inú Ìbàdí Ìyá

Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oríkèé ìbàdí fún àwọn tí tiwọn ti jẹ, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kó máa fọ́ nǹkan lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, iṣẹ́ gidi ni. Àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ ọ́ ní Afọ́dúpẹ́, nítorí pé gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti fọ́ gbàà lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "A dúpẹ́." Wọ́n bi í nígbà kan pé kí ló ń dúpẹ́ lé lórí, ó ní tí kò bá fọ́ níbí, inú ara ẹni ẹlẹ́ni ni ì bá ti fọ́.

Bọ́ọ̀lù kékeré ni ohun tó ń fọ́. Funfun báláú ni, kò tó ọsàn, ó sì ń dán débi pé èèyàn lè rí imú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun kan tó jọ ti amọ̀ ni wọ́n ń kì mọ́ra, tí wọ́n ń yan nínú ààrò, tí wọ́n wá ń dán títí. Tó bá dé ilé ìwòsàn, dókítà á fi rọ́pò orí egungun itan, onítọ̀hún á sì tún máa rìn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní àbùkù nínú. Ihò tín-ín-tín kan, tàbí hóró ìyẹ̀fun kan tí kò jinná dáadáa. Ojú ò rí i, ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n. Tí ẹrù bá wá tẹ̀ ẹ́, inú àbùkù tó burú jù yẹn ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á sán, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti tú ká. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù méjì tó jọ tinú ààrò kan jáde fi máa ń fọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan á kú kíákíá, èkejì á ṣorí kunkun.

Ọkùnrin tó ń ṣírò èyí, Onílà ni wọ́n ń pè é. Afọ́dúpẹ́ á fọ́ díẹ̀ lára bọ́ọ̀lù ààrò kọ̀ọ̀kan, Onílà á tò wọ́n láti orí èyí tó yára fọ́ jù dé orí èyí tó pẹ́ jù, á fi àmì wọn sórí pépà, á sì fa ìlà gba àárín àwọn àmì náà. Tí ìlà bá nà ró ṣánṣán, àwọn bọ́ọ̀lù ààrò yẹn bára mu. Tó bá dẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, kò ṣeé fọkàn tán. Láti ara ìlà yìí ni yóò ti sọ pé nínú ẹgbẹ̀rún, iye báyìí ni yóò fọ́ lábẹ́ irú ẹrù báyìí, bó sì ṣe sọ náà ló máa ń rí. Àmọ́ ẹ bi í pé èwo gan-an nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀hún. Á ṣí gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á ní, "Ìyẹn ò sí nínú ìlà."

Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tà náà ní ìdánwò tirẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ju bí ara èèyàn ṣe lè tẹ̀ ẹ́ lọ fíìfíì. Èyí tí kò dára á fọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá là á já, ó di títà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọ̀gá tó kọ́ Afọ́dúpẹ́ níṣẹ́ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ gàdàgbà pé Ẹ̀Ẹ̀KAN ṢOṢO, kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sọ ìdí, Afọ́dúpẹ́ náà ò béèrè. Ó rò pé kí iṣẹ́ má baà falẹ̀ ni.

Ìgbà tó yá, ìbàdí ìyá tó bí i lọ́mọ náà jẹ. Ẹ ò mọ ìyá yìí. Iṣẹ́ kíkó lẹ́tà kiri ojúlé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, kó tó jókòó sílé. Kò sí àtẹ̀gùn tí kò gùn rí nínú ìlú, kò sí ajá tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ẹni tí kì í lè jókòó ni. Bí oúnjẹ bá wà lórí iná, á ti rìn dé ẹnu ọ̀nà lọ wo ẹni tó ń kọjá. Nígbà tí ìrora wá dè é mọ́ àga, ṣe ló ń fi ẹnu pe àwọn ojú pópó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe ọmọ.

Dókítà ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Ilé iṣẹ́ Afọ́dúpẹ́ sì ni ilé ìwòsàn ti ń ra bọ́ọ̀lù. Inú rẹ̀ dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Ó ní kò sí ẹlòmíì tó máa yan ti ìyá òun, òun fúnra òun ni. Ó yan èyí tó wù ú, ó fi sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù là á já.

Ì bá ti di í sínú páálí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ọkàn rẹ̀ ní, ṣé ó dá ọ lójú? Ó dá a padà sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó tún là á já. Inú rẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ló bá tún dá a padà. Àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìyá yín jókòó lórí àga kan, ṣé ẹ ò ní í kọ́kọ́ mì í, kẹ́ ẹ tún mì í, kẹ́ ẹ wá fi ìdí yín jókòó lé e wò? Ìfẹ́ ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ń tẹ bọ́tìnnì náà, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ lábẹ́ ẹnu, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, kò kà á. Ta ló ń ka irú ẹ̀?

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Kò pẹ́ tí ìyá fi sọ ọ̀pá nù, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún. Ibi tó máa ń lọ jù ni ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Màmá Òkè. Àjà tó ga jù nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní òpópónà kejì ni Màmá Òkè ń gbé. Àrùn ti mú un lẹ́sẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé náà. Àtẹ̀gùn nìkan ló wà, ó ga fíofío bí ẹni ń gòkè ọ̀run. Ìyá á gùn ún lọ́sàn-án, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jókòó, wọ́n á máa bú àwọn tó ti kú àti àwọn tó ṣì wà láàyè.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà, ìsinmi ọ̀sán ni wọ́n wà níbi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tuntun kan bi Onílà pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń dán bọ́ọ̀lù wò, pé ṣé èyí tó là á já lẹ́ẹ̀mẹta kò ní í dára ju èyí tó là á já lẹ́ẹ̀kan ni. Onílà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Òdìkejì ni. Tí àbùkù kan bá wà nínú rẹ̀ tó kù díẹ̀ kó fọ́ ọ, ìdánwò yẹn á fà á gùn sí i. Kò ní í fọ́ o, ṣùgbọ́n ó ti sán díẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á tún sán díẹ̀ sí i. Ẹ ó máa yọ̀ pé ó là á já, ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń fọ́ ọ."

Ife tíì ló wà lọ́wọ́ Afọ́dúpẹ́. Ó gbé e kalẹ̀, kò mu ún mọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rọra sún mọ́ Onílà.

Ó ní, "Gbọ́ ná. Ká ní ẹnì kan wá dán bọ́ọ̀lù kan wò léraléra, tí wọ́n sì ti fi sínú ara èèyàn ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó, Àǹtí?"

"Kò kà á."

"Haà! Ẹni yẹn ò gbọ́n o." Onílà mi orí. "Tí kò bá kà á, mi ò lè ṣírò nǹkan kan. Àmọ́ ó lè má sí ewu rárá, Àǹtí. Èyí tí àbùkù inú rẹ̀ kò bá tó nǹkan, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí kó rẹ̀ yín, kò ní í mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rí bẹ́ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí obìnrin yìí ò rántí rẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló gbé lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti rímú mí. Tí ìyá bá dìde nínú ilé, etí Afọ́dúpẹ́ á là sílẹ̀ kedere. Ó mọ ìró bọ́ọ̀lù tó fẹ́ fọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó máa ń dún tíntín lẹ́ẹ̀kan, kó tó wá tú ká. Ó ń gbọ́ ọ nínú omi tó ń kán, nínú ṣíbí tó kan abọ́, nínú kọ́kọ́rọ́. Nígbà míì nínú ọkọ̀, tí ẹni tó jókòó tì í bá ta eegun ọrùn rẹ̀, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá fọ́ nínú ara: àfọ́kù tó mú bí abẹ, nínú ẹran ara ìyá rẹ̀, nítorí ọwọ́ tirẹ̀.

Àfi bí ẹsẹ̀ náà ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òótọ́ ni o, ó ń ké! Tí ìyá bá tẹ̀ síwájú, á dún fín-ín, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Ẹ̀rín ni ìyá ń fi ṣe.

Á ní, "Ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ mi ń súfèé. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa jó sí i."

Ọmọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé e lọ bá dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, pé irú ìbàdí bẹ́ẹ̀ máa ń ké lára àwọn mìíràn. Afọ́dúpẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ yọ bọ́ọ̀lù náà, kó fi òmíràn sí i. Dókítà wò ó bí ẹni wo wèrè.

"Ẹ gbọ́, ọkàn màmá yín ò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá tún fún un ní oorun iṣẹ́ abẹ, ó lè má jí. Kí ni mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ ṣe é? Ṣé torí pé ó ń ké ni?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti jẹ́wọ́ pé òun ti tẹ bọ́ọ̀lù náà léraléra. Kò sọ ọ́.

Kí ló wá kù? Ó kù kí ìyá má rìn. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Ó ra àga tìmùtìmù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Omi dé ọwọ́ rẹ̀, oúnjẹ dé ọwọ́ rẹ̀. Ó kó gbogbo bàtà ìyá pátá, ó tì wọ́n mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ku sálúbàtà inú ilé nìkan. Tí wọ́n bá bi í, á ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀wò sílé Màmá Òkè di orí fóònù. Láràárọ̀ ni àwọn àgbàlagbà méjèèjì ń pariwo sínú fóònù, ìkíní ò gbọ́ ohun tí ìkejì ń sọ, tí kálukú á máa dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi í.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀?" ni Màmá Òkè máa ń fi parí ọ̀rọ̀.

"Ọmọ yín ò tíì yọ̀ǹda mi," ni ìyá máa ń dáhùn, á sì wo ojú Afọ́dúpẹ́ kọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Afọ́dúpẹ́ tètè ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyá lẹ́nu géètì. Ó ti múra. Ó wé gèlè, ó gbé báàgì kọ́ apá, sálúbàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó di irin géètì mú, ó ń mí gúlegúle, nítorí ẹni tí kò rìn mọ́, rírìn á di iṣẹ́ fún un.

"Ibo lẹ̀ ń lọ? Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ ò lè gun àtẹ̀gùn yẹn! Ẹ padà sílé. Ẹ ṣáà padà!"

"Ẹsẹ̀ ta ni?" Ìyá ò pariwo. "Mo bi ọ́ o. Ẹsẹ̀ ta ni, tèmi àbí tìẹ?"

"Ó máa fọ́!" Gbogbo ará àdúgbò ló gbọ́ ọ. "Màmá, ó máa fọ́ ni!"

Ìyá ní, "Ìwọ lo ṣe é. Àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí gbà á gbọ́, wọ́n ń fi tiwọn rìn kiri ayé. Ìwọ tó o fọwọ́ ara ẹ yan tèmi, ìwọ ni o ò gbà á gbọ́?"

Afọ́dúpẹ́ di ìyá rẹ̀ lápá mú bí ẹni ń mú olè, ó mú un wọlé. Nígbà tó jókòó, ìyá tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé itan. Kò tún béèrè bàtà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ba Afọ́dúpẹ́ lẹ́rù, àmọ́ ṣe ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Orí burúkú wo nìyẹn!

Ìyá kú sórí àga náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ ò fọ́. Kí ó tó kú, ó ti bá dókítà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ilé ìwòsàn náà máa ń tọrọ oríkèé àwọn tó bá ti kú lọ́wọ́ ẹbí, kí àwọn tó ṣe é lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá ní òun gbà. Ó ní, "Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e fún ọmọ mi. Bóyá á lè sùn."

Bọ́ọ̀lù náà padà sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, nínú páálí kékeré, ó tún padà dé ọwọ́ Afọ́dúpẹ́. Onílà bá a kẹ́dùn, ó ní kó jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Ó kọ̀. Wọ́n fi aró kùn ún, nítorí aró máa ń wọnú ibi tó bá sán, á sì hàn lábẹ́ iná. Wọ́n tan iná sí i. Kò sí nǹkan kan. Ara rẹ̀ dán bí ọjọ́ tó jáde.

"Gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ," ni Afọ́dúpẹ́ wí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń gbàdúrà fún nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó ń gbàdúrà pé kó fọ́. Kó fọ́, Ọlọ́run, kó fọ́ kíákíá, kó tiẹ̀ fọ́ nísinsìnyí, kí ìbẹ̀rù mi lè jẹ́ òótọ́. Ẹrù náà kọjá ibi tí àwọn tí kò dára ti máa ń fọ́. Ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń dán èyí tó fẹ́ di títà wò. Ó kọjá ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń dé. Afọ́dúpẹ́ ti di etí tábìlì mú. Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń tẹ̀, ó ń tẹ̀, títí agbára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi tán, tó sì dáwọ́ dúró.

Bọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀, funfun báláú.

Onílà pàtẹ́wọ́, kò mọ nǹkan kan. "Àǹtí! Ẹ wò ó! Irú èyí ò wọ́pọ̀. Òkè pátápátá orí ìlà ló máa wà. Bọ́ọ̀lù tí màmá gbà ló le jù nínú gbogbo èyí tí mo ti rí o. Ó yẹ kí inú yín dùn."

Afọ́dúpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lórí símẹ́ǹtì. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè sọ "A dúpẹ́."

Nígbà tí wọ́n jáde níṣẹ́, kò lọ sílé. Ó yà sí òpópónà kejì, ó gun àtẹ̀gùn náà. Ní ibi tó ti yípo, àga kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá rẹ̀. Àwọn ará ilé náà ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún ìyá nígbà tó ṣì ń wá. Ó fọwọ́ kàn án, ó kọjá.

Màmá Òkè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti kéré sí i. Afọ́dúpẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ìyá arúgbó náà gbá orí rẹ̀ mú, ó fọwọ́ ra á.

Ó ní, "Wọ́n ní wọ́n yọ nǹkan ọ̀hún, tí wọ́n sì gbé e fún ẹ. Ṣé ó fọ́?"

"Rárá, Màmá. Kò fọ́."

"Kò fọ́ rárá?"

"Kò tiẹ̀ ní í fọ́, Màmá. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò fọ́."

Ọwọ́ Màmá Òkè tó ń ra á lórí dúró. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn bọ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀ tó fi yà sí àjà tirẹ̀.

"A jẹ́ pé ìyá ẹ ì bá lè máa wá," ni Màmá Òkè wí. "Gbogbo ìgbà yẹn, ì bá lè máa wá."